Àmín Ìkẹyìn

Ní wọ́ọ̀dù wa, oògùn kì í wọ ara láìsí àdúrà. Ẹ̀rọ ẹ̀gbẹ́ ibùsùn á kọ́kọ́ gbàdúrà ní ohùn ẹni tí ọkàn aláìsàn balẹ̀ sí jù lọ. Bó bá ti gbọ́ àmín, lẹ́nu ẹnikẹ́ni, oògùn á kán sínú iṣan. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í jẹ́ kí àwa nọ́ọ̀sì la ẹnu tí àdúrà bá ń lọ.

Bàbá Wúrà wà lára àwọn aláìsàn wa; ohùn Ìyá Wúrà, ìyàwó wọn tó ti kú, ni ẹ̀rọ wọn ń lò. Láàárọ̀ ọjọ́ tí oògùn wọn máa parí, ohùn náà dún: "Bàbá Wúrà, ẹ ò ní í kú, ẹ ó yè."

Bàbá kọ̀ láti ṣe àmín.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe àmín. Èyí ló kù kí ara yín yá pátápátá."

"Nọ́ọ̀sì, ṣebí o mọ òfin yín. Bí oògùn bá ti parí, ẹ ó pa ohùn ìyàwó mi rẹ́. Mi ò ṣe."

Ẹ̀rọ tún bẹ̀rẹ̀. "Ẹ ó yè, Bàbá Wúrà. Ẹni tó ń tọ́jú yín, kò ní í sunkún ọmọ."

Kò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Mo sì lóyún.

"Àmín!" Ó ti bọ́ lẹ́nu mi.

Oògùn kán. Ohùn náà dákẹ́.

Ara wọn ti yá báyìí. Síbẹ̀, àràárọ̀ ni wọ́n ń wá jókòó ti ẹ̀rọ tí a ti pa náà. Wọ́n á tẹ́tí sílẹ̀ títí, lẹ́yìn náà wọ́n á rọra ní, "Àmín."