Rikọ́dà Tí Akọ̀wé Fẹ́ Tà

Ní òwúrọ̀ Sátidé kan nínú oṣù kọkànlá ọdún 1968, Adépọ̀jù, akọ̀wé owó orí ní Àpòmù, gbé rikọ́dà sórí tábìlì ọ́fíìsì káńsù, ó nu eruku ara rẹ̀, ó sì jókòó de oníbàárà. Òyìnbó kan tó wá ń gba orin àwọn àgbẹ̀ sílẹ̀ ló fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ fún un nígbà tó ń padà sílé. Ó wúwo bí òkúta ọlọ. Kẹ̀kẹ́ téèpù méjì wà lórí rẹ̀.

Ẹ̀rọ náà ti ṣiṣẹ́ ńlá kan fún un. Lọ́jọ́ ọjà tó kọjá, nǹkan bí ogójì àgbẹ̀ láti Ararọ̀mí-Òwu ṣèpàdé ní ilé ìwé ẹ̀yìn káńsù. Wọ́n ní àwọn ò ní san owó orí tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ fi owó kún. Adépọ̀jù ti na wáyà maikí gba ojú fèrèsé kí wọ́n tó dé. Lọ́jọ́ Ajé, ọlọ́pàá ń bọ̀ láti Ìbàdàn wá gbọ́ téèpù náà kí wọ́n tó lọ kó àwọn tí ohùn wọn wà níbẹ̀ sí àtìmọ́lé. Ìròyìn ti tàn dé oko, àmọ́ Adépọ̀jù ò tíì dárúkọ ẹnì kankan. Ó wù ú kí gbogbo wọn máa gbọ̀n. Àkókò ìkórè kòkó sì ni. Ogójì ọkùnrin ò lè fi oko sílẹ̀ sá lọ nítorí àhesọ.

Oníbàárà náà dé pẹ̀lú dòdò Ìkirè tí a fi ewé wé. Sàídátù ni orúkọ rẹ̀, ó ń ta àwo orin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ ní Ìkirè.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá akọ̀wé. Ẹ̀rọ ọ̀hún rèé?”

“Òun nìyẹn, ìyá oníṣọ́ọ̀bù. Kì í ṣe ohun ìṣeré o. Bí owó bá pé, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ni ẹ ó gbé e lọ.”

Ó ṣí ìdérí rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀ bóyá ohun kan ti jóná níbẹ̀. Ó fi ìka yí kẹ̀kẹ́ méjèèjì.

“Rọ́bà yìí ti ń là.”

“Ṣé ẹ fẹ́ kó má gbó ni? Èwo nínú wa ni kò gbó?”

Adépọ̀jù fi téèpù òfìfo sí i. Ó ní kí obìnrin náà kọrin sí apá òkè téèpù, lẹ́yìn náà kó gbá tábìlì sí apá ìsàlẹ̀. Nígbà tí méjèèjì jọ dún pa pọ̀, Sàídátù pàtẹ́wọ́.

“Háà! Èmi nìkan, mo di méjì!”

“Ọkọ yín á sá lọ o, bí ẹ bá di méjì nílé.”

“Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Kòkó ni ìyáálé mi, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń sùn.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Sàídátù tún ẹ̀rọ náà wò.

“Orin nìkan kọ́ o. Mo fẹ́ máa gba wáàsí sílẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí. Bí èrò bá pọ̀, ṣé kì í da ohùn wọn pọ̀ mọ́ra?”

Adépọ̀jù ronú díẹ̀. Ó mú kọ́kọ́rọ́ lápò, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì fi téèpù mìíràn sí i.

“Ẹ má fọwọ́ kàn án o. Bọ́tìnnì pupa yẹn, bí ẹ bá ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́, gbogbo rẹ̀ á pa rẹ́.” Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo bọ́tìnnì náà.

Sàídátù káwọ́ lé itan. Ohùn àwọn ọkùnrin kún inú ọ́fíìsì náà.

“Ariwo lásán nìyí,” ni obìnrin náà wí. “Mi ò mọ ẹnì kan yàtọ̀ sí èkejì.”

Ó dun akọ̀wé.

“Ẹ tẹ́tí dáadáa! Gàrúbà nìyẹn, ohùn rẹ̀ dà bí ti àkùkọ tí òjò pa.”

“Ó jọ ọ́ lóòótọ́.” Sàídátù tún gèlè rẹ̀ wé. “Èyí ńkọ́?”

“Mọ́nsúrù. Á kọ́kọ́ húkọ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ọ̀ṣẹ́nì ló ń rẹ́rìn-ín yẹn. Rùfáì nìyẹn.”

“Mẹ́ta ìkẹyìn yìí, ohùn kan náà ni.”

“Etí yín ló di! Oyèyẹmí, Tàjùdíìnì, Dúrótìmí.”

“Àwọn yòókù ńkọ́?”

“Wọ́n kàn ń kùn ni. Ta ló fẹ́ mọ ìyẹn?”

Sàídátù mi orí. Ó ní ohùn ẹ̀rọ náà mọ́ lóòótọ́, àmọ́ rọ́bà rẹ̀ ń kọ òun lóminú, kí akọ̀wé jẹ́ kí òun lọ rò ó. Ó fi dòdò sílẹ̀ fún un.

Adépọ̀jù ti téèpù mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lórí bọ́tìnnì pupa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, inú rẹ̀ sì dùn sí ọgbọ́n orí ara rẹ̀. Ó jẹ dòdò náà tán.

Lọ́jọ́ Ajé, téèpù dún ketekete fún àwọn ọlọ́pàá. Ọ̀gá wọn bọ Adépọ̀jù lọ́wọ́, ó ní Ìbàdàn ló yẹ irú rẹ̀, wọ́n sì jọ wọ ọkọ̀ lọ sí Ararọ̀mí-Òwu.

Ọkùnrin bí ọgbọ̀n ni wọ́n bá níbẹ̀ tí wọ́n ń sá kòkó sóòrùn, ilẹ̀kùn ilé méje wà ní títì, ìyá Gàrúbà sì ń sọ fún wọn tẹ̀rín-tẹ̀rín pé láti ọ̀sán Sátidé ni ìyàwó ọmọ òun, èyí tó ń ta àwo orin ní Ìkirè, ti wọ lọ́rì wá pe àwọn méje náà lórúkọ, lọ́kọ̀ọ̀kan.