Ìdánwò Orí Ọlárìndé

Dókítà Williams ń ṣèwádìí ọpọlọ àwọn tó ń ṣe football ti Kánádà, eré aforíkọrí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé bọ́ọ̀lù sá, ní yunifásítì kan ní Toronto.

Ó pe ọ̀rọ̀ márùn-ún sétí Ọlárìndé, ọ̀kan lára wọn, ó ní kó tún wọn pè.

Ọlárìndé họrí. Ẹyọ kan ló rántí.

Ojú dókítà yí padà. Sáà eré ò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá!

"Are you okay?"

"I'm fine, Doc."

Ọlárìndé jáde. Máyọ̀wá ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ló kàn. Ọlárìndé bá bẹ̀rẹ̀ Yorùbá, kò tiẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ṣe bí ẹni tó gbàgbé o. Tá a bá ṣe dáadáa báyìí, ọjọ́ tí wọ́n bá kọlù wá lórí, tí wọ́n tún dán wa wò, ó máa hàn, wọ́n á yọ wá kúrò nínú eré. Tá a bá ti fìdí rẹmi látilẹ̀, ta ló máa mọ̀?"

"Èmi ni," ohùn kan dáhùn láti inú yàrá ìdánwò. "Èmi ọmọ Abẹ́òkúta. Àṣírí yín ò ní tẹnu mi dé ọ̀dọ̀ kóòṣì. Ṣùgbọ́n orí kan ṣoṣo ni ìyá ẹ bí mọ́ ẹ. Padà wá jókòó."

Máyọ̀wá bú sẹ́rìn-ín.

Ọlárìndé dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ.

"Auntie, ẹ má bínú. Pẹ̀lú Williams tẹ́ ẹ ń jẹ́, mo rò pé ọmọ Jamaica ni yín ni."