Ohùn Tó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀bẹ̀ Adédìran

Nígbà tí ohùn Adédìran tí wọ́n gbà sílẹ̀ wọlé sórí fóònù, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni Rónkẹ́ ìyàwó rẹ̀ jókòó sí. Ọkọ rẹ̀, olùkọ́ yunifásítì, ló ní òun ń lọ wo àgbàdo òun ní abúlé Bomo, tí kò padà wálé mọ́.

"Rónkẹ́, má sọ fún ọlọ́pàá o. Ta ilẹ̀ tí bàbá rẹ fi sílẹ̀ ní Shika. Àwọn ajínigbé yìí á pa mí."

Ọlọ́run ò tíì fún wọn lọ́mọ. Adédìran nìkan ni Rónkẹ́ ní.

Dọ̀tun, àbúrò ọkọ rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó máa ra ilẹ̀ náà. Rónkẹ́ ní tirẹ̀ ń tún ohùn náà gbọ́ ṣáá. Òun ló ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Sabon Gari, etí rẹ̀ sì mú. Lẹ́yìn ẹ̀bẹ̀ ọkọ rẹ̀, ó gbọ́ ẹ̀rọ ìlọta, ó gbọ́ tòlótòló, ó tún gbọ́ dùùrù.

"Kọ́ọ̀dù sẹ́fẹ́ǹtì ni," ó wí. "Ohùn mẹ́rin tí wọ́n tẹ̀ pọ̀. Ẹnì kan ń kọ́ ọ."

"Dùùrù kẹ̀, ìyàwó wa? Nínú igbó?"

"Ẹ gbọ́ ọ dáadáa, Bùrọ̀dá Dọ̀tun. Kì í ṣe inú igbó ni wọ́n gbé e sí."

Ohùn kejì dé. Kọ́ọ̀dù náà ti ń gún régé díẹ̀. Nínú ẹ̀kẹta, ìka ṣì í tẹ̀. Adédìran dákẹ́ lójijì láàárín ẹ̀bẹ̀, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó máa bá a lọ.

"Wọ́n nà án!" Rónkẹ́ figbe ta. "Yéè, wọ́n ń na ọkọ mi!"

Lọ́jọ́ tí wọ́n ta ilẹ̀, Dọ̀tun gbé owó lọ síbi tí wọ́n ní kó gbé e sí. Adédìran ò dé. Ohun tó dé ni ohùn mìíràn: owó ò tó.

Rónkẹ́ wọ kẹ̀kẹ́. Gbogbo ilé ìlọta tó wà láti Bomo dé Samaru ló ń dúró sí, tó ń tẹ́tí. Ní ẹ̀yìn ọ̀kan ní Samaru, tòlótòló ké. Lẹ́yìn náà, dùùrù dún.

"Nan ne, Hajiya?" oníkẹ̀kẹ́ bi í, bóyá ibẹ̀ nìyẹn.

Rónkẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Ó fẹ́ pe àwọn fijilanté, ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀ bóyá ọkọ òun ṣì wà láàyè. Ó rọra rìn lọ sẹ́bàá fèrèsé ilé tí dùùrù ti ń dún, àdúrà wà lẹ́nu rẹ̀, ó sì yọjú wò.

Adédìran jókòó nínú síńgílẹ́ẹ̀tì funfun, ó di ìka ọmọbìnrin kékeré kan mú lórí dùùrù, ọmọ náà sì gbójú sókè, ó ní, "Dádì mi, ṣé ó ti dáa báyìí?"