Orin Ìkórè Adétóyè

Ayọ̀dàmọ́lá ti pinnu pé ìkórè ọdún yìí ni Bàbá Barnabas máa jẹ iyán ẹ̀ níṣu.

Ọdọọdún ni ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Ọ̀fà máa ń kọ orin ìkórè kan náà, orin ńlá bíi ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ayé Elgar, olórin ìlú wọn àtijọ́: á bẹ̀rẹ̀ jẹ́ẹ́, á máa gòkè díẹ̀díẹ̀, títí gbogbo ìjọ á fi dìde. Orúkọ Barnabas ló wà lábẹ́ ẹ̀ nínú ìwé akọrin. Bẹ́ẹ̀, Ayọ̀dàmọ́lá kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ nígbà tó gbọ́ tí bàbá ẹ̀, Adétóyè, ń tẹ orin náà nílé, kí ìjọ tó mọ̀ ọ́n. Adétóyè ló tẹ dùùrù ìjọ títí tó fi kú. Barnabas ni igbákejì ẹ̀, àmọ́ àlùfáà lé e kúrò nídìí dùùrù lọ́jọ́ kan láìsọ ìdí ẹ̀ fún ìjọ, òun náà kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Kò fẹ́yàwó, kò bímọ.

Lóṣù tó kọjá, Ayọ̀dàmọ́lá rí orin náà nínú àpótí ìyá ẹ̀, ọwọ́ bàbá ẹ̀ ló kọ ọ́. Inú bí i débi pé kò lè jẹun. Ó mú ìwé náà lọ sílé Bàbá Barnabas. Kò dọ̀bálẹ̀.

“Ọwọ́ ta nìyí, bàbá?”

Bàbá wo ìwé náà pẹ́. “Ọwọ́ Adétóyè ni.”

“Ẹ jí i! Ẹ jí iṣẹ́ òkú!”

“Ayọ̀, jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Mo bẹ̀ ọ́.”

“Láéláé! Ẹ máa jẹ́wọ́ níwájú ìjọ. Bẹ́ ẹ bá kọ̀, gbogbo Ọ̀fà ló máa rí i lórí fóònù.”

“Ìyá rẹ ńkọ́?”

“Iwájú pátápátá ni Màmá máa jókòó sí.”

Bàbá mí kanlẹ̀. “Ó dáa. Mo gbọ́.”

Lọ́jọ́ ìkórè, Bàbá Barnabas fi ọ̀pá dìde. “Ẹ̀yin ará, èmi kọ́ ni mo kọ orin yìí.” Ó jókòó. Ariwo sọ. Àwọn ìyá ń pòṣé, “Àgbàyà!” Olórí akọrin bọ́ aṣọ akọrin lọ́rùn Bàbá lójú gbogbo èèyàn. Akọ̀wé fa ìlà lé orúkọ ẹ̀ nínú ìwé akọrin, ó kọ Adétóyè sí i. Àdìkẹ́, ìyá Ayọ̀dàmọ́lá, ń sunkún ayọ̀. Inú ọmọ ẹ̀ dùn dọ́ba. Kí wọ́n tó ṣe oore-ọ̀fẹ́, ó ti fi fídíò náà ránṣẹ́ síbi gbogbo, pẹ̀lú orúkọ bàbá ẹ̀ gàdàgbà.

Lẹ́nu géètì, Bàbá Barnabas na àpòòwé kan sí i. “Ẹrù bàbá rẹ nìyí. Kò sí ohun tí mo lè fi ṣe mọ́.”

Ìwé orin kan ló wà níbẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1904, orin náà wà nínú ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé Àmín lábẹ́ orúkọ òyìnbó kan, lẹ́tà bàbá ẹ̀ sì wà láàárín ẹ̀: “Barnabas, àlùfáà ti ń wá ẹni tó jí orin olórin, jọ̀ọ́, sọ pé ìwọ ni, torí ìwọ ò bímọ, èmi ní Ayọ̀dàmọ́lá.”