Wáyà Kan Péré Nínú Bàálù Ẹ̀gbọ́n

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìtàn yìí dé òpin kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Mo mọ̀ yín, ìdajì lẹ máa ń kà.

1.
Ọkùnrin kan wà tó ń tún aago ṣe. Ọdún mẹ́ta ló fi kan bàálù kékeré kan, irú èyí tí wọ́n ń fi rìmóòtù darí lókè. Kó tó parí rẹ̀, ojú rẹ̀ fọ́. Ṣe ni ó ń fọwọ́ wá a kiri kó tó lẹ ìyẹ́ apá rẹ̀ kejì mọ́ ọn.

Ó wá pe àbúrò rẹ̀, onígbàjámọ̀ kan tí àdúgbò ń pè ní Mo-ti-mọ̀, nítorí kò sí ohun tí ẹ máa sọ tí kò ní ní òun ti mọ̀.

"Àbúrò, bá mi gbé e lọ sókè. N kò lè rí i, ṣùgbọ́n mo fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀. Wáyà bátìrì rẹ̀ kan ń mì o. Fi òjé gbígbóná jó o pọ̀ ná, kó má baà já lókè."

"Bùrọ̀dá, mo ti mọ̀ jàre!"

2.
Ẹ gbọ́ ohun tó ṣe. Ó lọ́ wáyà náà pọ̀, ó fi téèpù dì í, ó ní ó parí.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n bi í pé, "Ọkọ mi, ṣé ẹ fi òjé jó wáyà yẹn?"

"Ìyàwó wa, ìgbà wo lo di ẹnjiníà?"

3.
Wọ́n lọ sí pápá, Mo-ti-mọ̀ mú rìmóòtù, bàálù sì gòkè. Háà, ẹ ò bá rí ẹ̀gbọ́n! Ó gbójú sókè, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ó ń fò! Ohun tí mo fọwọ́ ara mi ṣe ń fò!"

Ni Mo-ti-mọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi dárà. Lójijì, rìmóòtù kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ó tẹ ọ̀tún, bàálù kò yí. Ó tẹ òsì, kò yí. Wáyà ti já. Bàálù dorí kodò, ó fọ́ yángá.

"Àbúrò, kí ló dún yẹn? Ṣé ó balẹ̀ dáadáa?"

"Ó… ó balẹ̀ jẹ́jẹ́, Bùrọ̀dá."

"Gbé e wá kí n fọwọ́ kàn án."

Mo-ti-mọ̀ bú sẹ́kún. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ló ṣa àfọ́kù, ló kó o lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ọkùnrin náà fọwọ́ pa á títí.

"Àbúrò, ojú mi ò sí mọ́. N kò lè ṣe òmíràn."

Láti ọjọ́ náà, kò bẹ àbúrò rẹ̀ níṣẹ́ kankan mọ́.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, nǹkan ẹlòmíràn tó bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ tọ́jú rẹ̀ ju tiyín lọ. Ẹ má fojú kéré ìkìlọ̀ ẹni tó ṣe é. Bó bá bàjẹ́ tán, ẹkún ò ní tún un ṣe. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú péjọ, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe.