Bẹ́líìtì Tí Jùnáídù Ò Jẹ́ Kí Ìyàwó Rẹ̀ Dè

Ẹ̀yin tí ẹ ní mọ́tò, àti ẹ̀yin tí ẹ ń tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ pa á tì. Ẹ kà á tán. Inú ló ń bí mi tí mo fi ń kọ ọ́.

1.
Jùnáídù ń ta fóòmù ní ọjà Kejetia. Nígbà tí Ọlọ́run bù kún un, ó ra mọ́tò eré-ìje pupa, tó ní àga méjì péré, tó ń bú ramúramù bíi kìnnìún. Kò sóhun tó burú níbẹ̀.

Yaa, ọmọbìnrin tó ta ọkọ̀ náà fún un, bẹ̀ ẹ́: “Alhaji, mepa wo kyɛw, ẹ jọ̀ọ́. Bí ẹ bá fẹsẹ̀ tẹ tọ́tù tó ń mú un sáré fẹ́ẹ́ báyìí, á fò. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ sójú ọ̀nà tó dá, kí ọwọ́ yín mọ̀ ọ́n ná.”

Jùnáídù yọ ṣùtì: “Kí wọ́n tó bí ẹ ni mo ti ń wa mọ́tò. Kọ́kọ́rọ́ mi dà?”

2.
Ọkọ̀ náà máa ń ké tìn-ín, tìn-ín bí èèyàn ò bá de bẹ́líìtì. Jùnáídù ní bẹ́líìtì ń rún agbádá òun. Ṣé ẹ mọ ohun tó ṣe? Ó ra irin pẹlẹbẹ méjì lójú títì, ó kì wọ́n bọ ihò bẹ́líìtì méjèèjì lójú Rùqáyyà ìyàwó rẹ̀, kí ọkọ̀ lè rò pé wọ́n ti dè é. Ọkọ̀ dákẹ́. Ó rò pé ọkọ̀ lòun tàn!

3.
Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, òun àti Rùqáyyà gbéra nílé wọn ní Sawaba, wọ́n ń lọ síbi ìsọmọlórúkọ.

Rùqáyyà fi orúkọ ọmọ wọn pè é: “Bàbá Tàsnímù, ẹ yọ irin yìí kí n ráyè de bẹ́líìtì.”

“Kí o de kí ni? Léèsì tí mo rà fún ẹ ńkọ́? Jókòó, kí wọ́n rí ẹ.”

“Ẹ̀rù ń bà mí o.”

“Ẹ̀rù kẹ̀? Nínú ọkọ̀ tèmi?”

Ní oríta Anloga Junction, àwọn ọ̀dọ́ tó ń kó pákó rí wọn, wọ́n hó: “Chairman! Chairman!” Orí Jùnáídù wú. Ó tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ fò bí ẹṣin tí wọ́n nà lẹ́gba. Kẹ̀kẹ́ ẹrù kan tó kó pákó ń kọjá níwájú. Kó tó rántí bíréèkì, ó ti lọ kọlu kẹ̀kẹ́ náà. Àgbọ̀n Jùnáídù gbá sítíárìn, ó bó díẹ̀. Rùqáyyà fi ojú la gíláàsì iwájú.

4.
Ojú ọ̀tún Rùqáyyà fọ́. Obìnrin tó ń fi abẹ́rẹ́ ṣe ọnà sí fìlà tà!

Nílé ìwòsàn, níwájú gbogbo ẹbí, Jùnáídù mí kanlẹ̀, ó ní: “Kádàrá ni. Bí Ọlọ́run ṣe kọ ọ́ nìyẹn.”

Rùqáyyà gbórí sókè. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, kò pe ọkọ rẹ̀ ní “ìwọ” rí.

“Ìwọ Jùnáídù, má pè é ní kádàrá! Ìgbà tí ojú mi ṣì pé méjì ni mo rí ọwọ́ rẹ tó ń ki irin yẹn bọ ihò bẹ́líìtì.”



Ẹ gbọ́ o! Bí ẹ bá ra ọkọ̀ tuntun, ẹ gbádùn rẹ̀, ẹ̀tọ́ yín ni. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ kọ́ ọ bí ọmọ ilé kéú ṣe ń kọ́ álífù. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n jókòó tì yín. Ẹ má tẹ tọ́tù nítorí ariwo ọmọ títì. Ẹ de bẹ́líìtì, kẹ́ni tó jókòó tì yín náà dè é: aṣọ tó rún ṣe é lọ̀, ojú tó fọ́ ò ṣe é rà. Ẹ má sì fọwọ́ ara yín ba nǹkan jẹ́ tán, kí ẹ wá lọ gbé e kọ́ Ọlọ́run lọ́rùn.

Ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ní í bà.