Gírámà Tó Gbé Àṣírí Ọmọ́ṣaléwá Lọ Sí Ọjà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ jù ú sílẹ̀. Ẹ kà á tán, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó ń fi fóònù béèrè nípa àìsàn.

Ní ọdún 2013, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ọláyọdé ní ọ́fíìsì kan ní GRA, ní ìlú Benin. Ó ṣí ìkànnì kan sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí àwọn obìnrin ti lè bi dókítà léèrè ohun tó ń ṣe wọ́n. Ṣùgbọ́n lábẹ́nú, ó ń ta nọ́ńbà wọn àti àìsàn tí wọ́n kọ fún àwọn tó ń ta àgbo inú ìgò. Ó kúkú kọ ọ́ sókè ibi tí wọ́n ti ń tẹ ‘Mo gbà’ pé òun lè ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ gírámà lọ́yà ló fi kọ ọ́, ó gùn débi pé ojú á ti rẹ èèyàn kó tó kà á dé àárín. Ìtùnú, ọmọbìnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́, tún un kọ ní èdè Òyìnbó tó rọrùn. Ọláyọdé kà á, ó rẹ́rìn-ín, ó pa á rẹ́.

“Tó bá yé wọn, ta ni yóò tẹ ‘Mo gbà’?”

Ohun tó tẹnu èèyàn jáde nìyẹn o.

Ọmọ́ṣaléwá, télọ̀ kan ní àdúgbò Uselu ní Benin kan náà, wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá kan náà pẹ̀lú Ọláyọdé. Látìgbà tí ìrọbí rẹ̀ ti pẹ́ jù, ìtọ̀ ń jò lára rẹ̀ láìdúró. Àkísà ló ń dì mọ́dìí, tó ń fọ́n lọ́fínńdà lé e. Ọkọ rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Nígbà tí Ọláyọdé polówó ìkànnì rẹ̀ nípàdé, tó ní àṣírí ẹnikẹ́ni kò ní tú, ó gbà á gbọ́. Ó kọ gbogbo rẹ̀ síbẹ̀, títí kan àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Gírámà gígùn yẹn jáde. Ó gbìyànjú láti kà á, kò yé e, ó bá tẹ ‘Mo gbà’.

Kò pẹ́ táwọn alágbo bẹ̀rẹ̀ sí í pè é. Kò dá wọn lóhùn. Ni ọ̀kan nínú wọn bá gbé ìgò dé ṣọ́ọ̀bù, níṣojú àwọn oníbàárà.

“Màdáámù tí ìtọ̀ ń jò lára rẹ̀ dà? Oògùn rẹ̀ ni mo gbé wá.”

Obìnrin kan tó ń wọ búláòsì tuntun wò bọ́ ọ kíákíá, ó gbé e símú, ó ń gbóòórùn rẹ̀. Àwọn yòókù gba aṣọ wọn, wọ́n lọ.

Ọmọ́ṣaléwá lọ bá Ọláyọdé. Kò tiẹ̀ tì í lójú. Ó ní òun kò rú òfin kankan, ṣebí Sista Ọmọ́ṣaléwá ló fọwọ́ ara wọn tẹ ‘Mo gbà’.

Nígbà tí ọjọ́ ìpàdé tún pé, ọ̀pọ̀ rò pé obìnrin náà kò ní lè yọjú. Ó wá. Ó bẹ alága, Bàbá Adéyẹmí, pé kí Ọláyọdé ka gírámà tó wà lórí ìkànnì rẹ̀ sétí gbogbo ilé. Ọláyọdé kà á pẹ̀lú ìgbéraga. Àwọn èèyàn ń wojú ara wọn.

“Ẹ wá sọ ọ́ ní Yorùbá fún wa,” ni Ọmọ́ṣaléwá wí.

Òógùn bo Ọláyọdé. Ó fẹ́ máa yí ọ̀rọ̀ náà ká, Bàbá Adéyẹmí kò gbà fún un.

“Ó ní... a lè fún àwọn tó ń ta oògùn ní orúkọ yín, nọ́ńbà yín, àti ohun tó ń ṣe yín.”

Adéfúnkẹ́, ìyàwó Ọláyọdé, dìde.

“Èmi náà béèrè ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ṣé ẹ ta tèmi náà?”

Bàbá Adéyẹmí fa àga rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọláyọdé, bí ẹni tó ń sún fún ohun tó ti jẹrà.

Adéfúnkẹ́ kó lọ sílé bàbá rẹ̀, kò padà mọ́. Ìròyìn tàn dé àdúgbò New Benin, kò sẹ́ni tó tún béèrè ohunkóhun lórí ìkànnì náà, ọ́fíìsì di títì pa. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún Ọmọ́ṣaléwá nílé ìwòsàn, ara rẹ̀ sì dá. Ṣùgbọ́n oníbàárà kò padà wá. Òun àti ọkọ rẹ̀ kó lọ sí Ọ̀wọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ má tẹ ‘Mo gbà’ sí ohun tí kò yé yín, pàápàá lórí ọ̀rọ̀ ara yín. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tí yóò rí i. Bí wọn kò bá lè fi èdè tó yé yín dáhùn, ẹ gbé àìsàn yín lọ bá dókítà tí ẹ lè wò lójú. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń fi gírámà bo olè jíjà mọ́lẹ̀, ìríra ni yín. Ọjọ́ tí wọ́n bá ní kí ẹ túmọ̀ rẹ̀ níṣojú aya àti ọmọ yín ń bọ̀.